Bai Spiridon àti Belka Tí Kò Gba Kọ́kọ́rọ́

Lọ́jọ́ tí àwọn ará Krushitsa jí rí ìwé ìkéde òkú Belka, gbogbo abúlé ló pa iṣẹ́ tì. Ìwé náà wà lára òpó iná, ó wà lára ilẹ̀kùn ilé búrẹ́dì, ó wà lára igi iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń lẹ ìwé òkú mọ́ ní ilẹ̀ Bulgaria, kí ẹni tó ń kọjá lè dúró, kó kà á, kó sì kẹ́dùn. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ rèé:

“Pẹ̀lú ọgbẹ́ ọkàn ni a fi ń kéde ikú Belka wa ọ̀wọ́n, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí àrá pa lójijì. Kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ rí. Ẹ pàdé wa nílé Spiridon lọ́sàn-án Sátidé.”

Níbi tó yẹ kí àwòrán òkú wà, àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ráyè wo àwòrán? Ọmọ ọdún mọ́kànlá! Àwọn obìnrin ti bú sẹ́kún. Wọ́n se àlìkámà, wọ́n bu ṣúgà lé e, wọ́n já òdòdó ní méjì-méjì bí wọ́n ṣe ń já a fún òkú, ó di ilé Bai Spiridon. Bai ni wọ́n máa ń pe àgbà ọkùnrin níbẹ̀.

Veneta, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, wà ní ilé ìgbàwàrà nígbà tó gbọ́. Òun ló máa ń gba wàrà lọ́wọ́ àwọn darandaran láràárọ̀. Ó sáré wá tòun ti épírọ́ọ̀nù lọ́rùn.

“Vuicho, ta ló kú?” Vuicho ló máa ń pè é, nítorí arákùnrin ìyá rẹ̀ ni.

“Belka.”

“Ewúrẹ́ yẹn ti kú tipẹ́tipẹ́!”

“Kì í ṣe ewúrẹ́. Èyí tí mo fi orúkọ ewúrẹ́ sọ ni.”

Veneta jókòó pẹ̀ẹ́ sórí àtẹ̀gùn. Ètò kọ̀ǹpútà ni Belka tí bàbá yìí ń wí, èyí tó ń ṣírò ọ̀rá inú wàrà àti ohun tó tọ́ sí darandaran kọ̀ọ̀kan. Àrá ti gba ara wáyà wọlé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó jó kọ̀ǹpútà náà, ó sì jó gbogbo díìsìkì tó wà lórí rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Àlùfáà Eftim fi wọlé pẹ̀lú tùràrí lọ́wọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí pósí. Kọ̀ǹpútà tó jóná ló rí lórí tábìlì, tí wọ́n da aṣọ funfun bò dé ọrùn.

“Spiridon, ṣé wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un?”

“Àlùfáà, ẹ̀ẹ̀mejì ni òrùlé jò sí i lórí. Bí ìyẹn ò bá tó Ọlọ́run, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.”

“Ṣé kò sí ẹ̀dà rẹ̀ kankan mọ́ láyé ni?”

“Ọ̀kan wà ní Sofia,” ni Bai Spiridon dáhùn, ojú rẹ̀ sì le. Ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀ ti gba ẹ̀dà Belka lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n ti inú rẹ̀ pa pátápátá kí ẹnikẹ́ni má lè rí bó ṣe ń ṣírò, wọ́n wá ń tà á káàkiri.

“Ó ṣì wà láàyè nìyẹn.”

“Àlùfáà, ẹni tí eyín ń dùn, tí wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya ẹnu rẹ̀ wò, ṣé ìyẹn náà ń gbé ayé?”

Ẹkún sì ti sun, àlìkámà sì ti jinná, wọ́n bá jókòó sábẹ́ igi àsálà inú ọgbà, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń ta ọtí rákíà díẹ̀ sílẹ̀ fún òkú kí wọ́n tó mu tiwọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ rere nípa olóògbé bí àṣà wọn. Gavril darandaran ní Belka kò parọ́ fún òun rí. Ìyá àgbà Stamena, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, nu ojú rẹ̀ nù.

“Ó yà mí lẹ́nu pé ó kú,” ló wí. “Láàárọ̀ yìí náà ni mo rí i.”

Bai Spiridon gbé ife sílẹ̀. “Níbo?”

“Nílé mi. Ṣebí ìwọ lo fún mi. Ó wà nínú díìsìkì tí mo fi dé ìgò kùkúńbà.”

“Èmi náà ní i,” ni Gavril wí.

“Ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì,” ni Àlùfáà Eftim wí, ojú sì ń tì í díẹ̀. “A fi ń ka àbẹ́là.”

“Àbẹ́là? Ẹ sọ ewúrẹ́ mi di àbẹ́là?”

“Ìwọ lo ní kí ẹni tó bá wù yí i padà!”

Kí oòrùn tó wọ̀, Belka tó wà lórí tábìlì ti pọ̀ ju àwo oúnjẹ lọ. Òkú jí níbi ìsìnkú ara rẹ̀. Inú Bai Spiridon dùn débi pé ó fẹ́ sáré lọ ya gbogbo ìwé ìkéde náà kúrò, ṣùgbọ́n Ìyá àgbà Stamena di apá rẹ̀ mú. Ó ní òjò ló ń yọ ìwé òkú, ènìyàn kì í yọ ọ́. Títí di ìgbà òtútù ni àwọn àlejò ń dúró níwájú ilé búrẹ́dì, tí wọ́n ń ṣí fìlà fún Belka.

Ẹ má rò pé orí bàbá náà dàrú o. Láyé ìjọba Kọ́múníìsì, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ló ti ṣiṣẹ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà wó, ó kó ẹrù rẹ̀ padà sí Krushitsa, ó ra ewúrẹ́ funfun kan, ó sì ń bá ewúrẹ́ náà sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lọ. Kò fẹ́yàwó. Bí wọ́n bá bi í léèrè, a ní òun ti bá obìnrin kan sọ ọ́ rí, obìnrin náà ní kí òun kọ́kọ́ pa kọ̀ǹpútà.

Ewúrẹ́ yìí náà ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń ra wàrà láti ìlú gbé ẹ̀rọ kan wá tó ń wo bí ọ̀rá ṣe pọ̀ tó nínú wàrà, ẹ̀rọ náà sì ní wàrà Belka ṣàn bí omi. Inú bí Bai Spiridon. Ó ní kí dírẹ́bà ọkọ̀ wàrà ṣí ẹ̀rọ náà, kí òun rí bó ṣe ń ṣírò.

“Kò ṣeé ṣí, Bai,” ni dírẹ́bà wí. “Òfin ni. Ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe é ni.”

“Mi ò gbọdọ̀ wo inú rẹ̀?”

“Ẹ ò gbọdọ̀ wò ó.”

“Òun ti wo inú ewúrẹ́ mi!”

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bai Spiridon kò lè sùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo ìgbà òtútù yẹn, tí yìnyín bo òkè tí ayé sì dákẹ́ lọ rọ́rọ́, ó jókòó ti sítóófù, ó ń kọ ètò tirẹ̀ ní ìlà-ìlà, ewúrẹ́ náà dùbúlẹ̀ sẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Ní ìgbà ìrúwé, Belka tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè ṣí i, kó rí bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ṣe jẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi nọ́ńbà Belka han àwọn ará ìlú, ẹ̀rọ tiwọn náà déédéé bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀rá.

Abúlé dé abúlé ni wọ́n ń wá gba Belka. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àmọ́ ohun tó ń gbà le ju owó lọ. Dandan ni kí ènìyàn jókòó sábẹ́ àsálà, kí bàbá ka Belka fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní ohun tí a fún ènìyàn láìjẹ́ kó mọ inú rẹ̀, ìdajì ẹ̀bùn ni. Yóò fi awò rẹ̀ sójú, yóò gbóhùn sókè bí ẹni ń ka Bíbélì:

“Bí ọ̀rá bá kéré sí ti àná, padà lọ wo àná. Bí kò bá sí àná, bẹ̀rẹ̀ láti òní. Bí òní bá ṣófo, dúró.”

Oyin a máa kùn nínú òdòdó, ewé a máa mì lẹ́lẹ́, òjìji àsálà yóò tutù dé egungun. Wọ́n ní òjìji yẹn kì í jẹ́ kí ènìyàn jí bọ̀rọ̀. Àwọn darandaran alágbára, tí ìkookò kò lè bà lẹ́rù, á máa han-anrun níkọ̀ọ̀kan. Veneta náà máa ń sùn nínú rẹ̀, àlá tó sì máa ń lá níbẹ̀ yàtọ̀: ewúrẹ́ funfun tó ń rìn lórí òkè, tó ń ka ara rẹ̀. Bí wọ́n bá jí, bàbá á ti parí.

“Ó yé yín?”

“Ó yé wa, Bai.”

Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lọ sílé láìní Belka lọ́wọ́.

Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì dé, kò sí ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ fa wáyà dé abúlé tó wà lórí òkè bẹ́ẹ̀. Bai Spiridon ló fa wáyà náà láti òrùlé dé òrùlé, ó gbé e gba orí àgbàlá àjàrà, ó gbé e gba okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ilé kọ̀ọ̀kan wá so mọ́ ara wọn. Bí Ìyá àgbà Stamena bá sá bùláńkẹ́ẹ̀tì tó tutù, íńtánẹ́ẹ̀tì Àlùfáà á dákẹ́. Ní ọdún kan, ẹyẹ àkọ̀ fa wáyà náà já, ó fi kọ́ ìtẹ́ sórí òpó. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ gun òpó lọ gbà á.

“Ẹ fi í sílẹ̀!” ni bàbá kígbe. “Ó ní ọmọ nínú ilé.”

“Bai, íńtánẹ́ẹ̀tì wa ńkọ́?”

“Òun náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i.”

Abúlé dúró títí àwọn àkọ̀ fi ṣí lọ sí ilẹ̀ gbígbóná. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Bai Spiridon fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ gbé ìfìránṣẹ́ láti ilé dé ilé nínú díìsìkì. Ìfìránṣẹ́ dé kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àléébù ibẹ̀ kan ni pé bàbá máa ń fèsì sí i kó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni í.

Lẹ́yìn ìsìnkú Belka ni ilé-iṣẹ́ Sofia rán lọ́yà wọn wá, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń jẹ́ Kamen Drumev. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tó wà káàkiri kò jẹ́ kí tiwọn tà. Wọ́n fẹ́ ra Belka tán pátápátá.

“Bai Spiridon, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí. Ta ló ni Belka?”

“Ìbéèrè ńlá nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹ wàrà kíkan ná.”

Ó mú un lọ sílé Ìyá àgbà Stamena. Màmá bu wàrà kíkan kún àwo fún àlejò, ó sì dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán.

“Ìyá àgbà, ta ló ni ìwúkàrà tí ẹ fi ṣe é?”

“Tèmi bàjẹ́ nígbà ooru. Ìyàwó Gavril ló fún mi ní díẹ̀.”

Wọ́n lọ sílé Gavril. Àwo kan níbẹ̀. Ìyàwó Gavril ní ìyàwó Àlùfáà ló fún òun. Wọ́n lọ síbẹ̀. Àwo mìíràn. Ìyàwó Àlùfáà ní ọwọ́ Veneta ni òun ti gbà á. Veneta náà bu tirẹ̀ fún un, kò mọ ohun tó ń lọ. Ó ní Ìyá àgbà Stamena ló fún òun nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tún padà sí, àwo sì ti wà nílẹ̀ tó ń dúró dè wọ́n.

“Ó dáa, lọ́yà,” ni Bai Spiridon wí. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé. Ta ló ni í?”

Òógùn bo iwájú orí Drumev. Ó fọwọ́ di ikùn mú.

“Bai,” ló wí, “ta ló ni ṣáláńgá tó sún mọ́ wa jù?”

Bai Spiridon kú nígbà tí ewé àsálà ń já bọ́. Ó sùn lórí àga lọ́sàn-án, kò sì jí mọ́. Veneta ló bá a níbẹ̀, awò rẹ̀ ṣì wà lójú. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, nítorí bàbá ni ọkùnrin náà jẹ́ fún un láti ìgbà tí bàbá tirẹ̀ ti kú.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ìrántí ogójì ọjọ́, Drumev padà wá. Ó bá Veneta ní ilé ìgbàwàrà, ó ṣí fìlà, ó kẹ́dùn tọkàntọkàn, ó sì kọ wàrà kíkan.

“Ìyáàfin, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹnu ni bàbá náà fi yọ̀ǹda Belka. Kò kọ ọ́ síbì kankan. Lójú òfin, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí kò bá kọ ìyọ̀ǹda sílẹ̀, tirẹ̀ nìkan ni. Ní báyìí tó ti kú, ẹ̀yin lẹ jogún rẹ̀, fún àádọ́rin ọdún.”

“Àwọn tó ń lò ó ńkọ́?”

“Lójú òfin? Olè ni gbogbo wọn.”

“Ìyá àgbà Stamena?”

“Àwọn náà.”

“Àlùfáà?”

Drumev húkọ́. “Ti Àlùfáà ló burú jù. Àwọn tún yí i padà.”

Bí ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ là jù lọ lórí gbogbo òkè yẹn ṣe kú nìyẹn, tó di ahun lójú òfin. Veneta bú sẹ́rìn-ín, ó di garawa wàrà mú kó má bàa ṣubú. Lẹ́yìn náà ni inú wá bí i. “Vuicho! Gbogbo ohun tó o kà sí wa létí lábẹ́ igi, ìlà kan ṣoṣo tó yẹ kó o kọ lo gbàgbé!”

Drumev gbé ìwé kalẹ̀. Bí Veneta bá fọwọ́ sí i, ilé-iṣẹ́ á san owó tó tó fún un láti ṣí ṣọ́ọ̀bù fún Nevyana, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, tó ń já èso nínú oko olóko ní Spain, tó ń bọ̀ wálé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àmọ́ wọ́n á ti Belka pa, abúlé á sì padà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ tí kò ṣeé wò. Veneta ní kó fún òun di ọ̀la. Ọmọ dùn, ó ju ohun tí ẹnu lè sọ lọ. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kùrukùru ń bọ̀ láti orí òkè bí ẹni ń wá kí i, ó ń rí ọmọ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà, pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù funfun, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó rí i títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó bá tẹ̀ ẹ́ láago.

“Màmá, bí mo bá fi owó Belka padà wálé,” ni Nevyana wí nígbà tó gbọ́ ọ tán, “ta ni yóò ra ọjà lọ́wọ́ mi? Ta ni yóò kí mi lójú ọ̀nà?”

“Ṣé o ò fẹ́ wálé ni?”

“Mo fẹ́ wálé, Màmá. Lójoojúmọ́ ni. Ilé yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá nígbà tí mo bá dé.”

Nígbà tí Drumev padà dé lọ́jọ́ kejì, Veneta ti nu tábìlì mọ́.

“Lọ́yà, mo ní ìbéèrè. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ olè, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á ní Sofia ńkọ́? Ta ló yọ̀ǹda fún yín?”

Drumev wo ilẹ̀. “Nítorí ìyẹn gan-an ni wọ́n ṣe rán mi.”

“Bí òfin bá fún mi lágbára láti ti ilẹ̀kùn, ṣé kò fún mi lágbára láti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má tì í?”

“Ó fún yín.”

Veneta ṣí Belka, ó lọ sí òkè pátápátá níbi tí ìlà àkọ́kọ́ wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìka méjì: “Èmi Veneta, ajogún Spiridon, yọ̀ǹda Belka fún àwọn ará òkè wa. Ẹ lò ó, ẹ ṣí i wò, ẹ tún un ṣe, ẹ fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fún ẹlòmíràn, ó gbọ́dọ̀ fún un ní ìyọ̀ǹda kan náà. Kò gbọdọ̀ tì í pa.”

Drumev ń kà á láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń gbọ́.

“Gẹ́gẹ́ bíi lọ́yà wọn, mi ò sí níbí,” ló rọra wí. “Ṣùgbọ́n ẹ yọ ‘àwọn ará òkè wa’ kúrò. Ẹ kọ ‘ẹnikẹ́ni’.”

Ó kọ ‘ẹnikẹ́ni’. Ó fi í sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà. Ilé-iṣẹ́ náà bínú títí, wọ́n sì yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lára Belka tiwọn nígbẹ̀yìn. Nevyana ṣì wà ní Spain. Àwọn ọjọ́ kan wà tí Veneta máa ń jí, tí á máa rò ó bóyá òun ṣe ohun tó tọ́, tí ojú rẹ̀ sì máa ń pọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ìgbà ìrúwé, bí Veneta ṣe ń dúró de àwọn darandaran, ìfìránṣẹ́ kan wọlé láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí kò mọ̀ rí. Lamara lorúkọ rẹ̀, orí òkè ní ilẹ̀ Georgia ló ti ń gba wàrà ẹfọ̀n. Èdè Rọ́ṣíà ló fi kọ ọ́, èyí tí àwọn méjèèjì kọ́ tipátipá nílé ìwé. Ó ní Belka kò mọ ẹfọ̀n tẹ́lẹ̀, òun ti kọ́ ọ. Ó ní òun rí àṣìṣe kan nínú rẹ̀ tí òun tún ṣe. Ó wá béèrè pé: “Irú ènìyàn wo ni Spiridon? Mo fẹ́ kí i.”

Veneta kọ ọ́ pé ó ti kú, ó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ pé onínúure ni, ó pa ìyẹn náà rẹ́, nítorí bàbá ì bá ti bínú. Níta, ó ń gbọ́ agogo ọrùn àwọn ewúrẹ́ tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ nínú kùrukùru. Ẹ̀rín ń pa á, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Àárò bàbá ń sọ ọ́. Ó wá kọ ọ́ báyìí pé:

“Alágídí ni, aláṣìṣe sì ni. Àṣìṣe rẹ̀ ṣì pọ̀ nínú Belka. Arábìnrin mi, bí o bá tún rí òmíràn, jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ sí mi, kí n lè rí nǹkan fi bá a jà.”